Ẹ̀gún Abẹ́ Kọfí

Ìkùukùu kò tíì ká tán lórí àfonífojì wa tí a ti wà láàárín òdòdó róòsì. Òórùn dídùn rẹ̀ a máa mú ojú ẹni wúwo. Bí ẹni ń rìn lójú àlá ni mo ṣe ń já òdòdó sínú aṣọ tí mo so mọ́ ìbàdí, tí mò ń ro ìdánwò tí yóò gbé mi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Àfi ṣàà! Ẹ̀gún ya àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi.

Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ti gbé agolo kọfí lílọ̀, tí wọ́n máa ń dà sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, jáde nínú agbọ̀n oúnjẹ wa.

"Túdà, gbé ọwọ́ wá."

"Màmá àgbà, nọ́ọ̀sì tó wá sílé ìwé wa ní omi àti ọṣẹ la fi ń fọ ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀, ká wá fi aṣọ mímọ́ dì í."

"Ẹn-ẹ́n! Ṣé nọ́ọ̀sì ló wo bàbá rẹ dàgbà ni?"

"Ẹ kí dókítà o!" Àǹtí Hádà tó ń já òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú tì mí. Mo mọ ohun tó tọ́, ṣùgbọ́n mo dákẹ́, mo na ọwọ́. Kọfí bo ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá, mo sì padà sínú àlá mi.

Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi wú bámú. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì náà; ó fọ kọfí náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo ń ké. Ó fa ẹ̀gún kékeré kan yọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó ní, "O mọ̀, o sì dákẹ́?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, bíírò kò ṣe é dì mú dáadáa. Aago lù kí n tó kọ ìdajì. Mo fìdí rẹmi, mo tún kíláàsì náà kà, ó sì dùn mí wọra.

Nígbà tí òdòdó tún tanná lọ́dún kejì, ẹ̀gún gún Màmá àgbà fúnra wọn lọ́wọ́. Àǹtí Hádà sáré gbé kọfí wá.

"Gbé e kúrò níwájú mi! Mímu ni kọfí. Túdà, bu omi wá, ọmọ mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè."

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo fi omi àti ọṣẹ fọ tiwọn, mo yọ ẹ̀gún, mo sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Omijé ń bọ́ lójú mi. Bíbọ̀wọ̀ fún àgbà dára, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi òótọ́ tí ẹ mọ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀rín ènìyàn.