Kámẹ́rà Kẹta àti Oòrùn Aago Mẹ́rin

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti pọ́n o!"

Ilham nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó rí ejò. Ẹ̀ńjíníà Adédàpọ̀, tó ń bó ẹ̀pà jẹ nídìí tábìlì kejì, kò tilẹ̀ gbé orí sókè.

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Kámẹ́rà kẹta?"

"Kámẹ́rà kẹta ni."

"Kò pa ọjọ́ jẹ rí," ni ọkùnrin náà wí, ó sì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí Ilham ti wà ní ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà kan ní Trikania, àdúgbò ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Haúsá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n rán jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà níbi tó jẹ́ pé tíì ọ̀gá ni wọ́n ń sè láti àárọ̀ di alẹ́. Tirẹ̀ sàn. Wọ́n ní kí ó jókòó sí ọ́fíìsì òkè, kí ó máa ṣọ́ kámẹ́rà mẹ́rin tó ń ṣọ́ ìgò òróró nísàlẹ̀.

Kì í ṣe kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ya ìyàwó o. Àwọn wọ̀nyí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, orí irin ni wọ́n dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ìgò ń gbà kọjá. Èkíní ń wò ó bóyá ìgò sán. Èkejì ń wo bí òróró ṣe kún tó. Ẹ̀kẹta ń wo ìdérí bóyá ó dé dáadáa. Ẹ̀kẹrin ń wo bébà orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgò tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ fìrì sínú agbọ̀n pupa. Ohun gbogbo tí wọ́n bá sì rí ló ń yọ lójú-ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí èèyàn lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, níbi yòówù kó wà. Àpótí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, àpótí á ní àwọ̀ ewé. Bí ìgò tí wọ́n kọ̀ bá ti pọ̀ jù, á pọ́n.

Ilham fẹ́ràn dáṣíbọ́ọ̀dù yìí ju oúnjẹ lọ. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kámẹ́rà mọ̀ pé ìdérí ni òun ń wò?"

"Kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ ìdérí. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló mọ̀. Ó kàn ń fi èyí tó rí wé èyí tí a kọ́kọ́ fi hàn án, ó sì ń fún un ní máàkì."

"Kí ló dé tí òkè fi jẹ́ méjì?"

Èyí ni ìbéèrè tí Adédàpọ̀ kò rí dáhùn. Ìlà kan wà lábẹ́ àpótí kámẹ́rà kẹta, ó ń fi iye ìgò tí wọ́n kọ̀ hàn. Láti àárọ̀, ìlà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá di aago mẹ́rin, á gùnkè, á tún sọ̀ kalẹ̀. Láìpẹ́, á gun òkè kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, pẹrẹsẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Adédàpọ̀ fi fèsì. "Máa wò ó."

Ì bá jẹ́ pé wíwò lásán ni, ìtàn kò bá dùn. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àmúdàtù, àbúrò ìyá Ilham, tí Ilham ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ungwan Boro, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán tó ń dé ìdérí ìgò wọ̀nyí. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n gbé kámẹ́rà dé, gbogbo rẹ̀ sì dára. Àfi ìgbà tí ọyẹ́ lọ, tí oòrùn oṣù kejì jáde, ni kámẹ́rà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ Ajé, Mánijà Abdulkareem sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé bí ó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ tí nǹkan kò yí padà, òun yóò gba ipò olórí lọ́wọ́ Àǹtí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí kò lè jẹun.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń yẹ ìdérí wọ̀nyẹn wò," ni ó wí. "Wọ́n le dáadáa. Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń rí tí èmi kò rí?"

Ilham kò mọ̀ ọ́n. Àìmọ̀ náà ń yún un nínú bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ, àánú àǹtí rẹ̀ sì ṣe é gidigidi.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí Adédàpọ̀ lọ jẹun ọ̀sán, Zubair gòkè wá. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni òun àti Ilham ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ìgò sí páálí ni wọ́n fi tirẹ̀ sí. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ni.

"Kai, Ilham! Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ Àǹtí ẹ, o wá jókòó síbí. Ṣebí ìwọ lo mú iṣu, ìwọ náà lo mú ọ̀bẹ?"

"Iṣu wo?"

Zubair gba máósì lọ́wọ́ rẹ̀. Adédàpọ̀ ti fi ojú-ìwé ètò kámẹ́rà, tó jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ nìkan ló ń ṣí i, sílẹ̀ ní ṣíṣí. Zubair tẹ ibì kan, nọ́ńbà kan yọ: márùndínláàádọ́rùn-ún.

"Wò ó, pásímáàkì nìyí. Ìgò tí kò bá gbà tó bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀lì. Fà á wálẹ̀ sí ọgọ́ta, gbogbo wọn á pàásì. Shi ke nan, ó parí!"

"Zubair, ìyẹn ò dáa."

"Kí ni kò dáa níbẹ̀? Ṣé Àǹtí ẹ kò sọ pé ìdérí le ni? Á jẹ́ pé kámẹ́rà ló ń purọ́. Wallahi, tó bá jẹ́ àǹtí tèmi ni, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Ilham wo nọ́ńbà náà. Ó rántí abọ́ oúnjẹ tí Àǹtí kò fọwọ́ kàn. Ó fi máósì mú ọ̀pá kékeré tó wà níbẹ̀, ó fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọgọ́ta, ó sì pa ojú-ìwé náà dé.

Aago mẹ́rin lù. Àpótí kẹta kò pọ́n.

Lọ́jọ́rú, bákan náà. Mánijà fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán. Àǹtí ra máásà gbígbóná bọ̀ wálé, ó ń dá orin kọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Máásà náà dùn, ṣùgbọ́n Ilham kò lè jẹ ju ẹyọ kan lọ. Nǹkan mìíràn tún ń dùn ún tí kò lè sọ fún ẹnì kankan: òkè méjèèjì ti parẹ́ lára ìlà náà. Ohun tó ń wù ú láti mọ̀ jù láyé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á rẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ ńlá kan tó kó òróró lọ sí ọjà Kawo lánàá padà dé tẹrùtẹrù. Páálí ti rin gbingbin. Òróró ń kán láti inú ọkọ̀ sílẹ̀, gbogbo àgbàlá ń yọ̀. Mánijà fa ìgò kan yọ, ó fi ìka méjì péré ṣí ìdérí rẹ̀.

"Àmúdàtù! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

"Sà, a dé e dáadáa," ni Àǹtí wí.

"Kámẹ́rà kò rí àléébù kankan láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Á jẹ́ pé ó dára nígbà tó kọjá níwájú kámẹ́rà, ẹ̀yin lẹ wá tú u lẹ́yìn rẹ̀! Ẹ parí iṣẹ́ tòní. Lọ́jọ́ Ajé, mi ò fẹ́ rí yín níbí mọ́."

Ilham gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé òkè. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ ran àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́ kí ipò má baà bọ́, iṣẹ́ pátápátá ló wá bọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dáṣíbọ́ọ̀dù a máa tọ́jú àwòrán ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tó gbà. Ilham nu ojú, ó ṣí ti Ọjọ́rú. Ó rí i kedere: nínú ìgò mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kan wà tí ìdérí rẹ̀ wọ́ díẹ̀, tí ó gba máàkì bí àádọ́rin. Orí mẹ́fà ni ẹ̀rọ tó ń dé ìdérí ní. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọ̀kan nínú rẹ̀ ti jẹ, tí kò lè dé ìdérí le mọ́. Kámẹ́rà rí i, ó fẹ́ sọ ọ́, òun Ilham ló bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó wá ṣí àwòrán ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti aago mẹ́rin. Àwọn wọ̀nyí náà gba àádọ́rin. Ṣùgbọ́n ìdérí wọn gún régé! Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ìdérí funfun báláú, bí ìgbà tí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí.

Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló mọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ wo? Láti ibo? Ó ń ro ó títí aago mẹ́rin fi lù, fóònù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àsárì, bó ṣe máa ń pè é lójoojúmọ́. Inú balùwẹ̀ ọ́fíìsì òkè ló ti máa ń ṣe àlùwàlá tirẹ̀. Ó ti dìde kí ó tó ro ó dáadáa. Níbo ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń ṣe tiwọn?

Ó fi eré sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Àǹtí àti ìlàjì àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé búta omi àlùwàlá lọ́wọ́, tí wọ́n ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ti bàjẹ́. Bí ó bá pa dé, ẹni tó wà níta kò lè wọlé mọ́. Nítorí náà wọ́n fi òkúta gbé e. Ìwọ̀-oòrùn gan-an ni ilẹ̀kùn náà kọjú sí. Oòrùn rọ́ wọlé, ó tàn gba orí sìmẹ́ńtì, ó gun ẹ̀rọ, ó sì dúró sórí kámẹ́rà kẹta. Nígbà tí ìlàjì àkọ́kọ́ kírun tán, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìlàjì kejì gbé búta tiwọn, wọ́n tún fi òkúta gbé e.

Òkè méjì nìyẹn!

Ilham rẹ́rìn-ín sókè láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú. Ó lè sọ ti oòrùn nìkan. Ó lè dá pásímáàkì padà sí ipò rẹ̀ wẹ́rẹ́, gbogbo èèyàn á sì máa pè é ní ọlọ́gbọ́n. Orúkọ Adédàpọ̀ ló wà lójú-ìwé náà, kò sẹ́ni tó máa fura sí ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ru ẹ̀bi òróró tó jò?

Ó ní kí Adédàpọ̀ jọ̀wọ́ tẹ̀ lé òun, wọ́n sì lọ sí ọ́fíìsì mánijà. Bí wọ́n ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni. Èmi ni mo fa pásímáàkì kámẹ́rà wálẹ̀. Àǹtí mi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ọgọ́ta náà, orí ẹ̀rọ tó jẹ, ilẹ̀kùn, òkúta, oòrùn. Adédàpọ̀ fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀. "Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀, sà," ni ó wí. "Mo fi ojú-ìwé sílẹ̀ ní ṣíṣí."

Mánijà Abdulkareem yíjú sí Ilham. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ mi ló fà á, sà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tú orí ẹ̀rọ, wọ́n bá a pé ọ̀kan ti jẹ lóòótọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Mánijà bẹ Àǹtí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó dá a padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n ta tapólì sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, ìrun àsárì sì ń lọ bó ṣe ń lọ. Ilham ní tirẹ̀, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà láìní ìwé ẹ̀rí, yóò sì tún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà ní ìsinmi. Zubair dúró sẹ́nu géètì, kò lè wò ó lójú.

Òun àti Àǹtí wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ungwan Boro. Nígbà tí wọ́n wọ ilé ìdáná, ó gbé ọ̀kan nínú ìgò tó ń jò sórí fèrèsé.

"Ilham, ta ló ní kí o purọ́ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba ipò yín."

"Wọ́n lè gbà á. Ṣùgbọ́n ojú kan wà tó ń sọ ibi tó ń dùn wá, ìwọ lo fọwọ́ dí i." Ó mí kanlẹ̀. "O tún padà wá ṣí i. Ìyẹn ni mo fi lè jẹun lálẹ́ òní."

Ilham kò gbàgbé. Ẹni tó bá fa pásímáàkì wálẹ̀ kò sọ ìgò burúkú di rere. Ó kàn fọ́ ojú tó yẹ kó rí i ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú yàrá ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ilé. Bí nǹkan bá pọ́n, ẹ má kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ẹ béèrè ohun tó mú un pọ́n.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Adédàpọ̀ fi àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sórí fóònù Àǹtí. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ fi han Ilham. Òkè rẹ̀ méjèèjì ti wó." Ìlà kámẹ́rà kẹta tẹ́ pẹrẹsẹ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ilham wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló sún un mọ́ ojú.

"Àǹtí, kámẹ́rà kejì ní òkè kékeré kan ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́wàá?"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín.

"Béèrè lọ́wọ́ wọn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan o."