Dróònù Mi Mọ Ọ̀nà Ilé, Kò Mọ Èèyàn

Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Orí koríko páàkì kan ní Peckham la ti fẹ́ kírun. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ pé a kì í tètè dé. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, bí ogún èèyàn péré ló ti tẹ́ ẹní.

Èmi ni Hamid tó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dróònù, mo sì ti fọ́nnu kiri pé n ó ya fídíò ìrun láti òkè, kí àwọn ará ilé ní Ìwó lè wò ó. Mo gbé e sórí koríko lẹ́yìn, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì gbéra. Mo wá mú rìmóòtù lọ síwájú, kí Lèmọ́mù lè hàn dáadáa.

Rahmah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, rí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi dróònù yẹ òrùlé wò fún àwọn kọ́lékọ́lé.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, you can't fly over a crowd."

"Rahmah, ọjọ́ ọdún ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Tí signal bá lọ ńkọ́?"

"Ó máa padà sílé fúnra ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìlà àwọn obìnrin. Lójú ara mi, àgbà ni mí, kí ló kù tí ọmọdé fẹ́ kọ́ mi?

Ká tó ṣẹ́jú, èrò ti ya dé. Ìlà àwọn ọkùnrin ń pọ̀ sí i, àwọn obìnrin sì ń sún sẹ́yìn bí a ti máa ń ṣe, títí wọ́n fi tẹ́ ẹní sórí ibi tí dróònù ti gbéra. N kò wẹ̀yìn wò.

Bí Lèmọ́mù ṣe kábárà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun ni ojú rìmóòtù sọ pé síginà ti já. Àwọn igi ńlá ló dínà. Ó yẹ kí n dúró tì í. Ọlọ́run ń gbọ́, n kò dúró. Mo gbé rìmóòtù sílẹ̀, mo wọ ìrun. Mo sọ fún ara mi pé dróònù mọ ọ̀nà ilé.

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. A ń forí kanlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà síbi tó ti gbéra. Mo gbọ́ igbe. Rùkáyàt, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Rahmah, ti na ọwọ́ ọ̀tún bo orí ọmọ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ dróònù tó ń yí gé iṣan ìka rẹ̀ méjì. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun láti ọdún méjìlélógún.

Ní ọsibítù, n kò lè wo ojú Rahmah.

"Uncle, home tí wọ́n ní ó máa padà sí yẹn kì í ṣe ilé fún un," ló wí. "Ibi tó ti gbéra ni. Kò mọ̀ pé èèyàn ti wà níbẹ̀."

"Kí ni ǹ bá ti ṣe?"

"Kẹ́ ẹ má gbé e fò lórí èrò rárá, that's the law. Kẹ́ ẹ set height tó máa fi padà, kó ga ju gbogbo igi àti ilé ibẹ̀. Tí signal bá lọ, ẹ má panic, ẹ má gbé remote sílẹ̀. Ẹ kọjú ẹ̀ sí drone yẹn, ẹ rìn kúrò níbi tí igi ti dí yín. Tó bá ti connect, ẹ dá a dúró, ẹ darí ẹ̀ síbi tó ṣófo. Tí ò bá connect, ẹ sáré lọ síbi tó ti gbéra, kẹ́ ẹ pariwo kí wọ́n kúrò."

"Nínú ìrun?"

"Nínú ìrun, Uncle."

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Rùkáyàt kò bú mi rí. Ní Sátidé tó lọ, ó ní kí n bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbé e fún un. Ìka rẹ̀ kò lè dì í mú. Ó ní, "Fi sílẹ̀, Hamid," ó sì pa iná máṣíìnì rẹ̀. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní dróònù, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e fò níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Kó tó gbéra, ẹ ti mọ ibi tó ṣófo tí ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bí wàhálà bá dé. Ẹ fi ẹnì kan ṣọ́ ibi tó ti gbéra, kí onítọ̀hún má ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí bátìrì tán kí ẹ tó pè é padà. Bó bá sì ṣì wà lókè, ẹ má ṣe dáwọ́ lé ohunkóhun, ìbáà jẹ́ ìrun. Ìrun ṣeé tún kí. Ìka ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeé tún ṣe.