Orí Keje Ìwé Bàbá Ẹniọlá

Olúwaníyì ti tún kọ̀ǹpútà aláìsàn ṣe rí, ṣùgbọ́n èyí tí Ẹniọlá gbé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íkọ̀tún lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀mí ló kù sí i lẹ́nu. Kó tó tàn, èèyàn á ti se ìrẹsì jinná. Ọmọbìnrin náà ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí òun sì tẹ̀ ẹ́ síwèé, pé tí ẹ̀rọ yìí bá kú, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Omi lé sí i lójú. Kí n má purọ́ fún yín, ojú yẹn ni Níyì wò tó fi gbàgbé ìbéèrè tó yẹ kó bi í.

Ètò tó wà lórí ẹ̀rọ náà ti wúwo jù fún un. Níyì yọ ọ́ láìfọwọ́ kan àwọn ìwé tó wà nínú rẹ̀, ó fi Linux, ètò mìíràn tó fúyẹ́, sí i. Ó wá ku ohun tí yóò jẹ́ ojú rẹ̀. Xfce wà níbẹ̀, ó fúyẹ́, ó ní àwòrán tí èèyàn lè tẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti lo kọ̀ǹpútà rí lè lò ó. i3 náà wà, tí kò ní àwòrán kankan, ojú rẹ̀ dúdú, ọwọ́ orí bọ́tìnnì nìkan ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un, ohunkóhun téèyàn bá sì ṣí á to ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Méjèèjì lè jọ wà, kéèyàn yan èyí tó wù ú nígbà tó bá ń wọlé.

Ṣùgbọ́n Níyì fẹ́ ṣe ṣakará. i3 nìkan ló fi sí i.

Ó ṣiṣẹ́ fún Ẹniọlá jàre. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ gbogbo àṣẹ rẹ̀. Ó wá ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsí ohun tó bàjẹ́. Kí oṣù méjì tó pé, Níyì ti ń pè é ní olólùfẹ́ mi, òun náà ti ń pè é ní adé orí mi, wọ́n sì ti dá ọjọ́ Ìsinmi tí Níyì yóò wá kí bàbá rẹ̀ ní Egbeda.

Bàbá yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Oǹdó ló wà ní gbogbo àsìkò yẹn, tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ẹbí fún ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tó ti ń kọ láti ọdún mẹ́ta. Orí láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ yìí ni ìwé náà wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi náà ló dé. Láàárọ̀ Sátidé, Ẹniọlá lọ dirun, bàbá ṣí ẹ̀rọ, ó rí òkùnkùn. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Kì í ṣe ẹni tó ń dúró de èèyàn. Ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan ní Ìdímù, ìyẹn ní ó ti kú, ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, ó sì fi ètò tuntun sí i.

Ìwé ọdún mẹ́ta lọ ráúráú.

Nígbà tí Níyì dé lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ẹnu ọ̀nà ni bàbá ti pàdé rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, pé ẹni tí kò lè bèèrè bóyá ẹlòmíì ń gbé nínú ilé kó tó tú u palẹ̀, òun ò ní fọmọ fún un. Ẹniọlá sìn ín dé géètì.

“Òun nìkan ló kù fún mi, Níyì. Tí ìwé yẹn ò bá padà, mi ò lè torí ẹ bá bàbá mi jà.”

Níyì bẹ̀bẹ̀ títí ó fi gba láptọ́ọ̀pù náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń wá ohun tó kù nínú rẹ̀. Àjákù ìwé ló ń yọ, kò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà, ó di dandan kó kà á kó tó lè tò ó. Ó ka ìgbà èwe bàbá, ó ka ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Orí kẹfà parí síbi tí bàbá ti fẹ́ pàdé Susanna, ìyá Ẹniọlá tó ti dolóògbé. Orí kẹjọ bẹ̀rẹ̀ níbi ìkómọ Ẹniọlá. Orí keje ò sí níbì kankan. Níyì wá a títí ó fi sunkún.

Ó fi Xfce sí i fún bàbá, ó fi i3 sí i fún Ẹniọlá, ó sì gbé e lọ sí Egbeda. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá wọlé sí ojú tirẹ̀, ó rí àwòrán ìwé rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń kà á lọ. Nígbà tó yá, ó dúró.

“Orí keje dà?”

“Mi ò rí i, sà. Ẹ̀bi mi ni.”

Ẹniọlá jáde láti ilé ìdáná, ó fọwọ́ ti ògiri. Bàbá ní nítorí orí yẹn lòun ṣe kọ gbogbo ìyókù, ojú òun ò sì lágbára láti tún un kọ mọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Níyì rò pé ó ti parí nìyẹn, ó ń dìde láti máa lọ.

“Jókòó,” ni bàbá wí. Ó ti ẹ̀rọ náà sí i. “Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ tọrọ Susanna, bàbá rẹ̀ lé mi jáde.”

Ọwọ́ Níyì dúró lórí bọ́tìnnì.

“Máa kọ ọ́ lọ,” ni bàbá wí. “Mi ò tíì débi tó ti pè mí padà.”