Ẹ́ńjìnnì Abẹ́ Igi Ọsàn

Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọkọ̀ lọ sí Olódò, kó béèrè ilé Josiah onímọ́tò. Igi ọsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà kò tíì kúrò.

Josiah ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó kọjá ẹ̀gàn. Òun ló fi ń kó iṣu àti gàrí wá sọ́jà láti àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á wá súfèé tín-ín-rín bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Kò sí mọ́tò mìíràn tó ń ké bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin oko kì í dúró sínú oòrùn de ọkọ̀. Inú ilé ni wọ́n ń jókòó sí. Bí wọ́n bá gbọ́ ikọ́ náà lórí òkè, wọn á ní, "Josiah dé," wọn á sì gbé ẹrù jáde. Bó bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti orí afárá ni Àrínọlá ìyàwó rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. Á bu omi tútù sínú igbá, á lọ dúró lẹ́bàá igi ọsàn. Omi yẹn ni Josiah ń kọ́kọ́ mu kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kejì ogun abẹ́lé ni Josiah kú. Ibà lásán ló gbé e lọ. Àrínọlá sunkún títí omijé fi tán lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í bọ́ ọmọ. Ọkọ̀ náà ló kù fún un, epo bẹntiróòlù sì ti di ọ̀wọ́n gógó nítorí ogun.

Akínwándé, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló wá sọ ohun tó dà bí àlá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ẹ̀rọ iná ṣe ní ilé ìlagi. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà Oníná ni Àrínọlá ń pè é.

"Ìyàwó wa, a ó yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Iná mànàmáná ni yóò máa gbé ọkọ̀ rìn."

"Oníná, ṣé orí yín pé?"

"Ó pé. Mo ti rí ẹ̀rọ iná lára ọkọ̀ oníbátìrì kan tí wọ́n fi ń gbé pákó níbi iṣẹ́ wa, tí wọ́n ti pa tì. Bátìrì àlòkù la ó tò sẹ́yìn. Ilé ìlagi la ó ti máa fi iná sí i."

Kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Sàníù alágbẹ̀dẹ ló rọ àpótí irin tí bátìrì jókòó sí. Kò gba owó. Wọ́n ṣàdéhùn pé òun ni yóò ni ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà, kó tú u, kó fi irin inú rẹ̀ rọ ọkọ́. Wọ́n gbé e sórí ìtì igi lábẹ́ igi ọsàn títí Sàníù yóò fi ráyè wá gbé e.

Ọkọ̀ náà rìn. Kò dún rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sóko, ẹnikẹ́ni kò jáde. Akínwándé fọn fèrè mọ́tò. Àwọn ará oko rò pé agbowó-orí ló dé. Tọkùnrin tobìnrin bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó di inú oko kòkó. Òfìfo ni ọkọ̀ padà wálé. Àrínọlá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bí ọkọ̀ kò bá rí ẹrù kó, kí ni Títíladé ọmọ rẹ̀ yóò fi lọ sílé ìwé?

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, wọ́n tún lọ. Ọyẹ́ mú. Wọ́n yọ sí abúlé àkọ́kọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn obìnrin ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹrù ti wà nílẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé à ń bọ̀?" ni Àrínọlá béèrè.

Ìyá Ìbídùnní, àgbà láàárín wọn, wò ó tìyanutìyanu.

"A gbọ́ yín lórí òkè. Ó wúkọ́, ó súfèé. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe kọ́ nìyẹn?"

Akínwándé wo Àrínọlá. Àrínọlá wo iwájú ọkọ̀. Ẹ̀rọ iná nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì ní ọ̀fun tó lè fi wúkọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní abúlé kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, ẹrù ń kún. Ìrora kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Àrínọlá, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọkọ rẹ̀. Òun tó fẹ́ ẹ, òun tó sin ín, inú ọkọ̀ tó dákẹ́ ló ń jókòó sí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń jowú àwọn obìnrin oko. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi.

Lọ́jọ́ kan, Sàníù ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbé ẹ́ńjìnnì òun. Àrínọlá ní kí Akínwándé nìkan máa lọ sóko, òun yóò dúró nílé. Sàníù dé lọ́sàn-án pẹ̀lú ọmọlanke. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ lé irin náà. Ó fa ọwọ́ yọ kíá.

"Ìyá Títí, ta ló ń wa nǹkan yìí?"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ wà á? Ṣé ẹ ò rí i pé koríko ti hù nínú ẹ̀ ni?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Kì í ṣe ooru oòrùn, abẹ́ ìbòòji ló wà láti àárọ̀. Ó gbóná bí ẹ́ńjìnnì tó wà lójú ọ̀nà. Koríko inú rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀.

Sàníù nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó yí ọmọlanke rẹ̀ padà.

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀. Irin tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, àwa kì í tú u."

Ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Àrínọlá jókòó tì í. Oòrùn rọ̀. Àwọn adìyẹ wọlé. Àdúgbò dákẹ́, ó dákẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà náà ló gbọ́ ọ, láti orí afárá. Ikọ́ kan. Ikọ́ kejì. Ikọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà, súfèé tín-ín-rín yẹn.

Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tó gbà á lọ́kàn ju ẹ̀rù lọ. Bóyá ẹni tó bá ń retí nìkan ló ń gbọ́ ọ. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, òun kò tíì jókòó retí i rí.

Ó dìde, ó bu omi sínú igbá. Ohùn náà gun òkè, ó yà wọ àgbàlá, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ooru fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ohùn náà dé abẹ́ igi ọsàn, ó dákẹ́. Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí irin ṣe ń ṣe bó bá ń tutù.

"Ẹ kú ìrìn," ni Àrínọlá wí. "Omi yín rèé."

Ó gbé igbá náà lé orí ẹ́ńjìnnì. Ó wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń mumi.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Akínwándé tó wa ọkọ̀ wọlé, láìdún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rí igbá lórí irin.

"Ìyàwó wa, òùngbẹ ń gbẹ mí o. Ṣé èmi lo bu omi dè?"

Ó gbé igbá náà. Ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó gbẹ táútáú.

"Oníná, ẹ jẹ́ kí n lọ bu tiyín wá," ni Àrínọlá wí. "Ẹni tó ṣáájú yín dé ti mu tiwọn."