Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Oúnjẹ Tí A Ò Tọ́ Wò

Aago méje àárọ̀ Sátidé ni Richard Adébùsọ́lá ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n máa jáde. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ìjọba ń súfèé kiri ilé bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Kí ló dé? Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló wálé, ó sì ti ṣèlérí pé òun á mú un lọ jẹ súṣì, oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n mọ̀ wá mọ́ n'Íjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1986, ìjọba rán Richard lọ sí Jàpáànì fún oṣù mẹ́fà láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó wọ ilé wọn n'Ígbẹ́bà tí kò gbọ́ ìtàn ìrẹsì roboto tí wọ́n gbé ẹja àìsè lé lórí. Helen ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mọ ìtàn náà débi pé òun ló máa ń bá a parí ẹ̀ fún àlejò.

Nǹkan kan ló wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́. Richard ní ìtọ̀ ṣúgà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí ni Dókítà Bọ́dúnrìn pe tọkọtaya náà jókòó, tó ní, "Bàbá, ìdajì agbára kíndìnrín yín ló kù. Bẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀, á sìn yín dọ́jọ́ alẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ lára yín rárá." Richard sì ń tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́. Ó ń lo oògùn, ó ń mu omi, ó ti gbàgbé ọtí.

Ayọ̀mípọ̀sí jókòó sí pálọ̀, ó ń fi fóònù wá ibi tí wọ́n á ti rí súṣì jẹ láìsí pé wọ́n ń lọ Èkó. Ló bá pariwo.

"Dádì, mo ti rí i! Tókíò-Òde ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á gbé wa débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"N'Íjẹ̀bú-Òde ńbí?"

"Ńbí náà ni. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti kọ nǹkan nípa ẹ̀, gbogbo wọn ló fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Háà! Mọ́mì náà wà ńbẹ̀! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ: 'Ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹja wọn ò lẹ́gbẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo sì tún padà lọ.'"

Richard gbé áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀. "Ìyá ẹ lọ jẹ súṣì, kò mú mi dání? Lẹ́ẹ̀mejì! Obìnrin yìí, ọ̀dàlẹ̀ ni o." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Wọ́n pe Helen, kò wọlé. Ó ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Imuṣin láti ọjọ́ Ẹtì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì máa ń ṣe ségesège. Ayọ̀mípọ̀sí ní kò séwu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ̀ máa ń fi omi iyọ̀ ṣan ẹ̀fọ́ kó tó jẹ ẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ibì kan mọ́, ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bi?

Ilé oúnjẹ náà rẹwà. Wọ́n fi àtùpà pupa kọ́ àjà, wọ́n to igi tínínrín méjìméjì tí àwọn ará Jàpáànì fi ń jẹun sórí tábìlì. Tabitha tó ni ín, obìnrin ọlọ́yàyà kan, jáde wá kí wọn, inú ẹ̀ ń dùn. Kò sí iná. Jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nígbà tí súṣì dé, Ayọ̀mípọ̀sí kíyè sí i pé ẹja náà ò tutù lọ́wọ́, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ó lanu pé kóun sọ̀rọ̀. Ló bá rántí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ, ló bá pa á dé. Ó jẹ ẹyọ méjì. Bàbá rẹ̀ jẹ mẹ́wàá tó kù, ó ń pa ojú dé bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Helen wọlé nírọ̀lẹ́, wọ́n sì fi ayọ̀ pàdé ẹ̀. "Ìyá Ayọ̀, àṣírí ẹ ti tú!" ni Richard wí. "A lọ síbi tó o ti ń dá jẹ."

"Ibo nìyẹn?"

"Tókíò-Òde. A rí ohun tó o kọ."

Helen dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ti wà lójúfò. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ní, "Ẹ káre," ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Richard. Èébì tẹ̀lé e, ìgbẹ́ gbuuru dé. Inú ń run Ayọ̀mípọ̀sí náà, àmọ́ tiẹ̀ mọ níwọ̀n. Ó ní kí wọ́n gbé bàbá òun lọ sílé ìwòsàn.

"Ìgbẹ́ gbuuru lásán?" ni Richard fi dáhùn. "Ẹ fún mi lóògùn tí ń dá a dúró. Ara mi ló ti gbàgbé Jàpáànì."

Helen lọ ra oògùn ní kẹ́mísìtì. Kò sọ ohun tó mọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ Ìsinmi yẹn ṣòfò. Nígbà tó fi di àárọ̀ Ajé, ètè Richard ti bó, kò lè dìde, láti ìrọ̀lẹ́ àná kò sì tíì tọ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ bá Dókítà Bọ́dúnrìn.

Dókítà fi omi sí i lára, ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó wá pe ìyá àtọmọ sí ọ́fíìsì. "Kí ni bàbá jẹ?"

Ayọ̀mípọ̀sí ṣàlàyé. Dókítà mi orí.

"Ẹ gbọ́ o, súṣì ò burú. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ tó ṣe é ló ṣe kókó. Ẹja tí wọ́n fẹ́ jẹ láìsè gbọ́dọ̀ ti dì gbagidi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nínú fìrísà tó lágbára gan-an, kí aràn inú ẹ̀ lè kú. Bí iná bá lọ, tó yọ́, tí wọ́n tún jẹ́ kó dì padà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà kó má rùn. Òtútù náà ò sì ń pa gbogbo kòkòrò àrùn. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé adìyẹ gé e, wàhálà dé. Ẹja odò àti ẹja inú pọ́ńdù wa, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ láìsè rárá. Aboyún, ọmọ kékeré, arúgbó, àti ẹni tó ní irú àìsàn bàbá, èyí tí wọ́n sè tàbí tí wọ́n dín ni kí wọ́n jẹ níbẹ̀. Ó pọ̀, ó sì dùn."

"Kí là bá ti ṣe lánàá, Dókítà?"

"Kẹ́ ẹ gbé wọn wá ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ máa fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì mu lójú ọ̀nà. Oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró yẹn, ńṣe ló há májèlé mọ́ wọn nínú."

Ayọ̀mípọ̀sí bú sẹ́kún. "A ò kàn ṣàdéédéé já lọ síbẹ̀, Dókítà. Mọ́mì ti jẹ ńbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ ọ́!"

Helen wo ilẹ̀. "Mi ò jẹ ńbẹ̀ rí."

"Mọ́mì?"

"Mi ò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí, Ayọ̀."

Ọ̀rọ̀ wá jáde. Tabitha àti Helen jọ wà nínú régbérégbé kan náà ni, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ sì mọ̀ wá: ọmọ régbérégbé kì í dá kú, kì í dá yọ̀. Lọ́jọ́ tí Tabitha ṣí ilé oúnjẹ, Nùsírátù akọ̀wé wọn kọ sórí Wáásáàpù pé: "Kí gbogbo wa lọ tẹ ìràwọ̀ márùn-ún fún Tabitha wa kílẹ̀ tó ṣú. Bí a ò bá polówó tiwa, ta ló máa bá wa polówó ẹ̀?" Helen wà lórí ìlà ní báńkì nígbà náà. Ó tẹ márùn-ún, ó kọ ohun tó dùn létí, ó fi fóònù sápò. Wọ́n ní ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀ ò lè sọ òdodo. Tiwa yìí tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ò jẹ dọ̀dọ̀ kankan!

Ayọ̀mípọ̀sí ò bú ìyá rẹ̀. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn dìde, ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Helen lọ bá Tabitha. Tabitha mú un wọ ibi tí wọ́n ti ń dáná láìjanpata. Fìrísà kan ṣoṣo ló wà, ẹja àti adìyẹ jọ wà ńbẹ̀, pátákó ìgé-nǹkan kan ṣoṣo. Iná ti lọ fún ọjọ́ méjì kí ọjọ́ Sátidé yẹn tó dé. Orí fóònù ni ẹni tó ń ṣe súṣì fún un ti kọ́ ọ.

"Tabitha, o ò mọ̀ pé kò dáa ni?"

Omi bọ́ lójú Tabitha. "Ta ló sọ fún mi? Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kọ ọ́ pé kò lẹ́gbẹ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé ẹ rán ọmọ wá rà á ni. Èmi náà gbà yín gbọ́, Helen."



Nígbà tí régbérégbé pàdé, ó dìde sọ ohun gbogbo. Mọ́rúfù alága wọn fajú ro. "Ìyá Ayọ̀, a bá yín dárò. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ yọ ìràwọ̀ wọ̀nyẹn, òwò ọmọ ẹgbẹ́ wa kú nìyẹn. Ṣé a máa fọwọ́ ara wa tú ara wa láṣìírí ni?"

"Kí ẹni tó bá ti jẹun ní Tókíò-Òde rí nawọ́ sókè," ni Helen wí.

Ọwọ́ mẹ́ta ló lọ sókè nínú gbogbo wọn. Nùsírátù tó ní kí wọ́n lọ tẹ ìràwọ̀ ò gbé tiẹ̀.

Tabitha fúnra rẹ̀ ló dìde. "Ẹ lọ yọ ọ́. Mo ti tilẹ̀kùn. Bí mo bá máa ṣí i padà, oúnjẹ sísè nìkan ni màá tà títí màá fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ òótọ́ fún mi."

Richard ò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ò jí padà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Helen ń gbé e lọ sí Ṣàgámù, tí ẹ̀rọ á máa fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Kì í súfèé mọ́. Omi mímu pàápàá, ìwọ̀n ni wọ́n ń fún un.

Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, Helen mú fóònù jáde, ó ka ohun tó fi rọ́pò ìyìn tó kọ́kọ́ kọ nípa Tókíò-Òde sí ọkọ rẹ̀ létí: "Èmi Helen Adébùsọ́lá ò jẹun níbí rí. Irọ́ ni mo kọ. Ọkọ mi gbà mí gbọ́, ó jẹ ẹ́, kíndìnrín rẹ̀ sì kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Richard yíjú sí i. "Inú mi ò tíì yọ́ sí ẹ o, Helen. N ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n má yọ ìyẹn kúrò ńbẹ̀ láé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bẹ́ ẹ bá ń wá ilé oúnjẹ, ẹ má ka iye ìràwọ̀ nìkan. Ẹ wo ẹni tó sọ ohun tó jẹ àti ọjọ́ tó jẹ ẹ́. Bí gbogbo ìyìn bá ti inú ọ̀sẹ̀ kan náà wá, ẹ fura. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹja dé àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Bí ẹja àìsè ò bá tutù, ẹ dá a padà, ẹnì yòówù kó ti yìn ín.

Bí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ wá bá ọ̀rẹ́ tẹ ìràwọ̀, ẹ lọ jẹun níbẹ̀ ná. Bẹ́ ẹ ò bá lè lọ, ẹ dákẹ́. A kì í mọ ẹni tó máa kà á. Ó lè jẹ́ ọmọ yín.