Kòtò Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ahéré

Obìnrin tó ń mú àlejò yí ká ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn lẹ́nu géètì pé wọn kì í dáná nínú abúlé náà, nítorí koríko ni wọ́n fi bo gbogbo òrùlé. Síbẹ̀, èéfín ń yọ lórí ahéré tó kẹ́yìn. Ìyá ọmọ kan, tó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, rí i. Ó wo ojú àwọn àlejò yòókù bóyá ẹlòmíràn tún rí i, ṣùgbọ́n fọ́tò ni oníkálùkù ń yà.

Ó gbójú kúrò lára èéfín náà. Ó ti sú u kí ọkọ rẹ̀ máa sọ pé àníyàn rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Abúlé àwọn ará ìwáṣẹ̀ ni wọ́n wá wò. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú òkèèrè tí wọ́n ń gbé ló kọ́ ọ, nítòsí ibi tí wọ́n ti hú abúlé gidi jáde nínú ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé má fọwọ́ kàn án níbẹ̀: èèyàn lè lọ ọkà lórí ọlọ, kó mọ ìkòkò, kó da awọ ẹran bora. Ọkọ rẹ̀, tó ń fi títún fíríìjì ṣe jẹun, ti wọ awọ tirẹ̀, ó ń fi àáké olókùúta gé igi, òógùn sì bò ó.

"Ẹ wò mí dáadáa! Ká ní ayé ìgbà yẹn ni, mi ò bá ti kọ́lé mẹ́ta!"

"Ìwọ tí o ti ń gé ẹ̀ka kan látàárọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Òjò ni ì bá pa àwa kú."

Olóyè, ọmọ wọn obìnrin, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní orúkọ yẹn, torí pé gbígbé ni wọ́n ń gbé e kiri. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kan rí. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bíi pé ilẹ̀ gbóná. Ìyá ọkọ kì í pè lórí fóònù kó má béèrè: "Olóyè mi ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin?" Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀, ìyá ọmọ á wọ balùwẹ̀ lọ, á sunkún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ya fọ́tò egungun ìdí ọmọ náà.

Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ sídìí igi, ó yà sí ahéré tó ń rú èéfín.

Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá arúgbó kan wà nídìí ààrò, ó ń fi amọ̀ tútù rẹ́ ilẹ̀. Ìyá ọmọ rò pé òṣìṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n irun ìyá náà funfun báláú, ìyá ọmọ kò sì ronú kó tó bọ́ bàtà síta, tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ má bínú, a dí yín lọ́wọ́."

Arúgbó náà gbójú sókè. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti àjò dé. Ó fi àtẹ́lẹ́wọ́ lu ilẹ̀ tútù náà jẹ́jẹ́: pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀.

"Màmá, sọ̀ mí," ni Olóyè wí.

Ìyá rẹ̀ tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré náà kan amọ̀. Kò ká a sókè. Ó gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì, ó ń ta gẹ̀gẹ̀ lọ títí ó fi ṣubú sáyà arúgbó náà. Arúgbó náà fi imú gbóòórùn orí ọmọ náà, ó gbé e padà wá, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lápá. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi kànga, bẹ́ẹ̀ ìdí iná ló ti ń bọ̀. Ó fi àgbọ̀n júwe ìta: ẹ tètè máa lọ.

Ìyá ọmọ sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń pariwo pe ọkọ rẹ̀. Lórí koríko níta, Olóyè tún rìn lọ bá bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ju àáké sílẹ̀.

"Ha! Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin o!" Omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà lọ dúpẹ́, okùn ìdínà wà lẹ́nu ahéré náà. Pákó gbígbẹ ni ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí ààrò, kò sí eérú. Bàtà ìyá ọmọ nìkan ló wà níwájú okùn.

"Èyí kò tíì parí," ni obìnrin afinimọ̀nà náà wí. "A kò tíì fi ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ wá wo ojúlówó rẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé."

Nínú ilé, abẹ́ gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ilẹ̀ amọ̀ náà sí, èyí tó ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ipa ẹsẹ̀ ọmọdé kan ti ẹnu ọ̀nà lọ sídìí ààrò. Ìka kejì gun àtàǹpàkò lórí, gẹ́gẹ́ bíi ti Olóyè, gẹ́gẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ipa náà ti bẹ̀rẹ̀, kòtò roboto méjì wà.

"A rò pé ìkòkò ló jókòó síbẹ̀," ni afinimọ̀nà wí. "Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni pé ọmọ náà kò rìn padà. Àwọn kan ní ibẹ̀ ló kú sí."

"Kò kú," ni ìyá ọmọ wí. "Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ ni." Kò mọ̀ pé èdè ilé lòun fi sọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Ó wo kòtò méjèèjì, ó wo síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀, níbi tí amọ̀ tútù ti ṣe roboto lójú orúnkún méjèèjì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan.

Olóyè ti rìn dé ìdí gíláàsì náà. Ó fi àtẹ́lẹ́wọ́ lù ú: pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lẹ etí mọ́ ọn, ó dúró díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn.