Ewé Tábà Inú Yàrá Òkùnkùn

Orí sìmẹ́ńtì yàrá òkùnkùn kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìwó, ni wọ́n ti bá òkú Dókítà Ọládùnní ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lọ́dún 1996. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Ọrùn aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú ìkòkò tábà tó fi ń ṣèwádìí, nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ kan.

"Kí lẹ̀rọ yìí ń ṣe?" Inspẹ́kítọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé bi Kaothar, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá olóògbé ṣiṣẹ́.

"Bí nǹkan bá kan ewé, sà, kálísíọ́mù máa ń ru sókè nínú rẹ̀. Bí ewé ṣe ń mọ nǹkan lára nìyẹn. Wọ́n ti fi èròjà kan láti ara ẹ̀dá inú òkun sínú tábà yìí. Tí kálísíọ́mù bá ti ru, á tan ìmọ́lẹ̀. Ojú wa ò lè rí i. Ẹ̀rọ ló ń rí i, tó ń fi gègé kọ ọ́ sórí bébà, pẹ̀lú aago. Bátìrì mọ́tò ló ń gbé e ṣiṣẹ́."

Ó fa bébà náà jáde. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ìlà náà ta sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún ta, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

"Eléyìí kì í ṣe ìfọwọ́kàn, sà. Òtútù ni. Omi tútù nini."

Adébọ̀wálé, ọkọ olóògbé, wà ní báǹkì ìgboro títí aago mẹ́rin. Gbogbo oníbàárà ló rí i. Kaothar ń kọ́ kíláàsì kan nígbà náà, ogójì ọmọ ló jẹ́rìí sí i. Ó wá ku Dókítà Dúró, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ olóògbé. Ọ̀jẹ̀túndé mú Kaothar dání lọ sí ọ́fíìsì Dúró, nínú ilé kan náà.

"Ìlú Olúpọ̀nnà ni mo wà láti aago méjì," ni Dúró wí. Ó bu omi fún ọlọ́pàá. Ife náà ń làágùn.

"Omi yín tutù, Dókítà. Iná ò sì sí látàná."

"Fíríìjì oníkẹrosínì ni. Òun nìkan ló wà nílé yìí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò mi."

Ọ̀jẹ̀túndé gbé ife náà sílẹ̀ láìmu ún. Ó tẹ́ bébà síwájú rẹ̀.

"Ta ló wá da omi yín sórí ewé Dókítà Ọládùnní ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

Dúró wo ìlà náà. Ó jókòó.

"Ó ti fi ẹ̀rọ yẹn tún iṣẹ́ mi yẹ̀ wò. Ó rí i pé irọ́ wà nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á sọ. Mo tì í. Etí tábìlì gbá a lórí. Mo sáré bu omi, mo dà á sí i lójú, kò mira. Nínú òkùnkùn yẹn, mo rò pé ó ti kú. Mo tilẹ̀kùn, mo lọ."

Kaothar ti ń sunkún. Ó ń fi ìka tọ ìlà náà lọ sápá ọ̀tún, lẹ́yìn omi. Ìlà náà tún ń ta sókè níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn.

"Ọwọ́ Dókítà Ọládùnní nìyí," ó ní. "Wọ́n ń fọwọ́ kan ewé. Títí di aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú."